Ọ̀rọ̀ Alága Lórí Ọ́ìlì Bákásù

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ìparí ọdún ní Jalingo

     

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti ọ̀rọ̀ ilé tí a fi sílẹ̀ la máa ń sọ ní ìpàdé yìí. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì la fẹ́ bá yín sọ. Ẹlòmíràn lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan alága ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọ́ìlì mọ́tò. Ó kàn wá o. Ẹ ti gbọ́ ìṣirò owó tí akápò kà lẹ́ẹ̀kan. Nínú gbogbo owó ìrànlọ́wọ́ tó jáde lápò ẹgbẹ́ lọ́dún yìí, ti ọkọ̀ tí bákásù rẹ̀ fọ́ sójú ọ̀nà ló pọ̀ jù. Ó ju ti àìsàn lọ, ó ju ti ìsọmọlórúkọ lọ. Bí omi bá ń jò nínú ìkòkò, ẹni tó ń pọn omi kún un láìwá ibi tó ti là, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tán láé. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á wá ibi tí ìkòkò yìí ti là.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, a kò ní dárúkọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò le, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ń bọ̀ láti Gembu pẹ̀lú Hilux rẹ̀. Ó di pòtétò àti ẹ̀wà sẹ́yìn ọkọ̀. Owó èsúsú tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n fi ra ọjà náà. Láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ni ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń kùn bí oyin. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójú òkè, táyà ẹ̀yìn méjèèjì gan lójijì ní kọ́nà. Ọkọ̀ fì síbi àfonífojì. Bí kò bá sí àṣẹ Ọlọ́run àti òkúta ńlá kan tó dá ọkọ̀ dúró, ọ̀rọ̀ ìsìnkú là bá máa sọ níbí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sùn sórí òkè. Pòtétò rà. Owó èsúsú wọ omi, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń dá èsúsú náà ṣì ń retí tiwọn.

Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí igbá bákásù, ọ́ìlì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ó dúdú bí ọ̀dà. Eyín gíà ńlá ti jẹ kúrò, irin rẹ̀ sì ti yí àwọ̀ padà nítorí ooru. A béèrè ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i. Wọ́n mú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò ju “Gear Oil 140” lọ, kò sí ohun mìíràn mọ́. A ní báwo ni wọ́n ṣe yàn án? Wọ́n ní àwọn sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó fún àwọn ní èyí tó ki dáadáa. Ẹ wò ó, ẹni tó ń tà á dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Èyí tó ki ni wọ́n béèrè, èyí tó ki ló fún wọn.

Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ́ìlì bákásù, ẹ má béèrè èyí tó ki, ẹ má béèrè èyí tó gbówó lórí, ẹ má sì béèrè èyí tí ọ̀rẹ́ yín ń lò. Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ béèrè, nọ́ńbà tí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sínú ìwé rẹ̀. A ó ṣàlàyé nọ́ńbà méjèèjì, kí ọmọdé àti àgbà lè gbọ́ ọ yé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí bákásù ń ṣe. Òun ni igbá irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì. Ọ̀pá pùrọpẹ́là ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀. Gíà kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà inú igbá náà tí wọ́n ń pè ní píníọ̀nù. Píníọ̀nù ń yí gíà ńlá rìbìtì tí wọ́n ń pè ní káráùn, káráùn ló sì ń mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí. Láàárín káráùn náà, àwọn gíà wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Ìpín yìí ni òyìnbó ń pè ní dífíréńṣà. Ẹ rántí bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń yan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Bí ìlà wọn bá ń yí kọ́nà, ọmọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde á máa gbé ẹsẹ̀ gígùn, èyí tó wà nínú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ojú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ọkọ̀. Ti òde kọ́nà ń rìn ju ti inú lọ, dífíréńṣà ló sì ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ fóò-báì-fóò, irú igbá yìí méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ́ìlì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kò rántí ti iwájú rí láti ọjọ́ tí a ti ra ọkọ̀.

Kí ló dé tí ọ́ìlì ibẹ̀ fi yàtọ̀? Láti nǹkan bí ọdún 1926 tí ilé-iṣẹ́ Packard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi irú gíà tí wọ́n ń pè ní hypoid sínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ bákásù ayé ló ti di irú rẹ̀. Nínú hypoid, píníọ̀nù kì í kọjú sí àárín káráùn gan-an, ó máa ń wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Èyí ń jẹ́ kí ọ̀pá pùrọpẹ́là rẹlẹ̀, kí gíà lágbára, kí ariwo rẹ̀ sì dínkù. Ṣùgbọ́n eyín gíà náà kò kàn ń yí lórí ara wọn, wọ́n tún ń fi ara họ ara. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ ọlọ àti ọmọ ọlọ. Bí ẹ bá gbé ọmọ ọlọ lé ata láìfà á, ata kò ní kúnná. Fífà tí ẹ ń fà á lọ fà á bọ̀ ló ń lọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni eyín píníọ̀nù ṣe ń fà lórí eyín káráùn, pẹ̀lú ẹrù ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́ìlì lásán kò lè dúró láàárín wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kúrò, irin á sì kan irin.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì fi ń fi oògùn ààbò sínú rẹ̀, èyí tó ní imí ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú. Bí eyín gíà bá tẹ ara wọn tí ibẹ̀ sì gbóná, oògùn yìí á bo ojú irin bí awọ tínrín. Awọ náà ni gíà á máa họ, kò ní máa họ irin. Òórùn imí ọjọ́ náà ni ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣí ọ́ìlì bákásù, tó máa ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í fi í sílẹ̀.

Ó kan nọ́ńbà kìíní wàyí. Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní API, àwọn ló pín ọ́ìlì gíà sí ìpele. GL ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. GL-1 kò ní oògùn ààbò yìí nínú. GL-4 ní ìwọ̀nba, gíábọ́ọ̀sì ló sábà máa ń lò ó. GL-5 ní púpọ̀, tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti GL-4, torí gíà hypoid tó ń gbé ẹrù wúwo tó sì ń gba ìjáǹjá ni wọ́n ṣe é fún. Bákásù Hilux, Land Cruiser, Nissan Patrol àti irú wọn, GL-5 ni ìwé wọn ń béèrè. Bí kẹ́ẹ̀gì kò bá ní GL kankan lára, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Ọ́ìlì tí kò sọ iṣẹ́ tó lè ṣe, kò yẹ kí á gbé iṣẹ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ o. Ẹnìkan lè sọ pé bí GL-5 bá lágbára jù, kí á kúkú da òun náà sí gíábọ́ọ̀sì. Rárá o. Nínú gíábọ́ọ̀sì tí a ń fi ọwọ́ yí, àwọn òrùka idẹ kan wà tó ń jẹ́ kí gíà wọlé wẹ́rẹ́. Oògùn inú ọ̀pọ̀ GL-5 lè ba idẹ náà jẹ́. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní GL-4 fún gíábọ́ọ̀sì àti GL-5 fún bákásù, ẹ jẹ́ kí oníkálukú jẹ oúnjẹ tirẹ̀. Bàtà ọ̀tún kì í ṣe ti òsì, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ ti ẹnìkan.

A mọ ibi tí àṣìlò yìí ti wá fún ọ̀pọ̀ àwọn àgbà awakọ̀ wa. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot jọ ní Kàdúná, orí Peugeot 504 sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́. Gíábọ́ọ̀sì 504 ń lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wí. Awakọ̀ tó ti fi ojú rẹ̀ rí i pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nínú gíábọ́ọ̀sì, ó rọrùn fún un láti rò pé ó lè ṣiṣẹ́ nínú bákásù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bákásù 504 fúnra rẹ̀ kò lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà tó ní oògùn ààbò ló ń lò. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí bákásù Hilux, ẹ má sì da ọ́ìlì pupa ti gíábọ́ọ̀sì òtòmátíìkì sí i.

Nọ́ńbà kejì ni ti kíki. Òun ni wọ́n ń kọ báyìí: 75W-90, 80W-90, 85W-140. Nọ́ńbà tó ní W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nínú òtútù líle. Ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń dán 75W wò. Ti 80W jẹ́ 26 lábẹ́ òdo, ti 85W jẹ́ 12 lábẹ́ òdo. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100, ìyẹn ooru tí omi fi ń hó. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ jù ló ki jù.

Ẹ̀yin ará Gembu, a mọ̀ pé òkè Mambilla ga tó nǹkan bí 1,600 mítà, a sì mọ̀ pé ẹ̀ ń da kóòtù bora nígbà ọyẹ́. Síbẹ̀, omi kì í di yìnyín mọ́ inú garawa yín. Ní gbogbo ilẹ̀ Taraba, láti etí odò Benue títí dé Gembu, 80W ti ju ohun tí òtútù wa ń béèrè lọ. Kò sí ìdí láti fi owó gọbọi ra 75W nítorí òtútù, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá ní ohun tí òun fẹ́ nìyẹn.

Kí wá ni ìwé ọkọ̀ sọ? Ìwé ọ̀pọ̀ Hilux àti Land Cruiser àtijọ́ sọ ọ́ kedere: GL-5, SAE 90, níbikíbi tí òtútù kò bá ti kọjá ìwọ̀n 18 lábẹ́ òdo. 80W-90 náà ń di 90 bó bá ti gbóná, nítorí náà ó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà tuntun ti yí padà, 75W-85 GL-5 ni wọ́n ń béèrè, torí wọ́n fẹ́ kí epo pẹ́ nínú táǹkì. Ẹ rí i pé orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó. Hilux bàbá àti Hilux ọmọ lè máà jọ mu ọ́ìlì kan náà. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ ló ń sọ.

Ti 140 ńkọ́? 140 kì í ṣe májèlé. Ìwé àwọn ọkọ̀ kan fi àyè gbà á ní ilẹ̀ gbígbóná àti fún ọkọ̀ tó ń fa ẹrù wúwo. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á, tí ó sì jẹ́ GL-5, ẹ lè lò ó. Ohun tí a kọ̀ ni kí á máa rò pé kíki ló ń dáàbò bo gíà. Oògùn inú ọ́ìlì ló ń dáàbò bo eyín hypoid, kíki lásán kò lè rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì tó bá ki kọjá ohun tí ọkọ̀ fẹ́ kì í tètè dé inú bíárìn láàárọ̀, ó ń mú kí ẹ́ńjìnnì ṣe làálàá, ó ń mú epo jẹ, òun fúnra rẹ̀ sì ń dá ooru sílẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí á mọ̀ pé nọ́ńbà ọ́ìlì gíà àti ti ẹ́ńjìnnì kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà. 90 ti gíà kò fi bẹ́ẹ̀ ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tí dífíréńṣà wọn ní abala tó ń dènà kí táyà kan máa yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì dúró. LSD ni wọ́n ń kọ fún un. Irú èyí ń fẹ́ GL-5 tí wọ́n kọ LSD sí lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa gbọ̀n, á sì máa ké ní kọ́nà. Ẹ wo ìwé, tàbí ẹ wo ara igbá náà lẹ́bàá ihò ọ́ìlì, bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ tó ní bọ́tìnì tí a fi ń ti dífíréńṣà pa yàtọ̀ sí èyí, òun kì í sábà fẹ́ ti LSD.

A mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, ìwé rẹ̀ kì í sì í bá a wá. Nígbà mìíràn ó máa ń bá a wá, kí ó jẹ́ pé èdè Japan tàbí èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ẹ da nọ́ńbà tó wà lára irin pélébé inú ibi ẹ́ńjìnnì tàbí ẹnu ilẹ̀kùn kọ, kí ẹ fún ọmọ yín tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò kí ó bá yín wá ìwé irú ọkọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. GL-5 àti 80W-90 kò yàtọ̀ ní èdè kankan. Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ yín nìyí o. Bàbá yín mọ ọjà, ẹ̀yin mọ ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ da ọ́ìlì bákásù iwájú àti ẹ̀yìn nù, kí ẹ da tuntun sí i, torí ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọ́n da èyí tó wà níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ayédèrú. Àwọn èèyànkéèyàn wà tí wọ́n ń sẹ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, tí wọ́n ń dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tuntun. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́bàá títì. Ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ẹ wo bóyá nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀, ẹ wo bóyá ìwé ara rẹ̀ lẹ̀ dáadáa tí lẹ́tà rẹ̀ sì mọ́. Èyí tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà yẹ kí ó ní àmì MANCAP ti àjọ SON. Àmì náà nìkan kò tó, torí ẹni tó lè yí ọ́ìlì lè yí àmì pẹ̀lú. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọjà òun dára kì í sá fún rìsíìtì. Bí ẹ bá lo kẹ́ẹ̀gì tán, ẹ gún un nídìí kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí wọ́n má baà rí i lò.

Ọ́ìlì tó dára tún lè bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, pàápàá lọ́dọ̀ wa tí odò ti ń kọjá lórí ọ̀nà. Ihò èémí kékeré kan wà lórí igbá bákásù. Bí bákásù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, tí ọkọ̀ gbígbóná sì wọ inú odò tútù, afẹ́fẹ́ inú igbá á sún kì, igbá náà á sì fa omi gba ojú síìlì wọlé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ṣí ihò náà, kí ó fi rọ́bà gùn ún sókè ibi tí omi kò lè dé. Lẹ́yìn tí ẹ bá gba odò jíjìn kọjá, ẹ yẹ ọ́ìlì wò. Bí ó bá funfun bíi tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ má fi wakọ̀ lọ ọjà mìíràn kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú lẹ́yìn tó ti rìn díẹ̀, kí ọ́ìlì lè ṣàn. Nọ́ọ̀tì òkè, níbi tí a ti ń da ọ́ìlì sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá da ọ́ìlì nù tán kí ẹ tó mọ̀ pé nọ́ọ̀tì òkè ti gan, ọkọ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo òòfà tó wà lórí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí ẹ̀kọ eérú tó kúnná, kò séwu. Bí ẹ bá rí èéfọ́ irin níbẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ da ọ́ìlì sí i títí tí yóò fi fẹ́ máa kán jáde lẹ́nu ihò òkè. Ìwé Toyota kò gbà kí ó fi ju mílímítà 5 lọ rẹlẹ̀ sí ẹnu ihò náà. Ẹ má fi agbára kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí á máa hó, á ba síìlì jẹ́, ó sì lè jò sára bíréèkì. Ẹ má sì da èyí tó ti gbó sí ẹ̀bá kànga.

Ìgbà wo ni kí á máa pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú tiwa ń sọ 40,000 kìlómítà fún ẹni tó ń rìn lórí ọ̀dà jẹ́jẹ́. Fún ẹni tó ń ru ẹrù, tó ń gun òkè, tó ń wọ ẹrẹ̀ àti omi, 20,000 ni kí a fi sọ́kàn. Gbogbo wa níbí la wà nínú ẹgbẹ́ kejì yìí.

Bí bákásù bá sì ń ké, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta gíríìsì tàbí ìyẹ̀fun pákó sí i kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ jíjẹrà fún ẹni tí kò fura ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo náà ni ẹnu tí bákásù fi ń bẹ̀ yín. Ẹni tó bá di ẹnu ọmọ tó ń sunkún kò tíì wo àìsàn rẹ̀ sàn.

Àwa àti ìgbìmọ̀ aláṣẹ ti jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun mẹ́ta la sì fẹ́ kí á jọ fọwọ́ sí. Èkíní, kí oníkálukú tó ní ọkọ̀ kọ nọ́ńbà ọ́ìlì bákásù iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí páálí kékeré, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ọkọ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ àti kìlómítà tí ó pààrọ̀ rẹ̀ sí abẹ́. Nígbà náà, bí ẹlòmíràn bá ń wa ọkọ̀ náà, kò ní máa méfò. Èkejì, kí á máa yẹ ọ́ìlì wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí òjò bá dáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹta, kí àwọn tí ọkọ̀ wọn ń lo nọ́ńbà kan náà jọ dáwó, kí á rán ẹni méjì lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tí ilé-iṣẹ́ ọ́ìlì fún láṣẹ láti tà á, pẹ̀lú rìsíìtì lórúkọ ẹgbẹ́, kí á sì pín in. Owó ọ́ìlì ọdún kan fún ọkọ̀ kan kò tó owó tí a fi fa ọkọ̀ kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ká má tíì sọ ti káráùn àti píníọ̀nù.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè máa rò pé ẹgbẹ́ fẹ́ ti ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́. Bí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa bá dákú lọ́la, ì báà jẹ́ ọ́ìlì tó tọ́ ló wà nínú rẹ̀, ì báà má jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó dìde, a ó lọ gbé e. Nítorí ìyẹn la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a kò bí wa sí. Ṣùgbọ́n àpò tí a ń mú owó inú rẹ̀ gbé irin fífọ́ náà ni àpò tí owó ilé-ìwé ọmọ opó wà. Àpò náà ni owó oògùn àwọn àgbà wa wà. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ́ìlì tó tọ́ ṣọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí a tó lè relé, ọkọ̀ tó ń gbé wa ní láti dé. Olódùmarè yóò máa là wá lójú ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọjà wa á tà, ọmọ wa á yè, a ó sì fi ẹsẹ̀ ara wa padà sílé baba wa pẹ̀lú ayọ̀.